Ilé Tí Ogun Fi Sílẹ̀, àti Bí Ìlú Ṣe Lè Pinnu Ohun Tí Yóò Fi Í Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ àti àwọn ìjòyè ní Òmù-Àrán

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo mú wá, àti ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn tí ó yẹ kí ìlú gbà kí ó tó fọwọ́ kan ilé àtijọ́ tí ogun ti kọjá lára rẹ̀.

Àwa Ìgbómìnà mọ ogun. Àwọn baba wa wà nínú Ẹ̀kìtì Parapọ̀ ní àkókò ogun Kírìjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí kò sì tán pátápátá títí di ọdún 1893. Wọ́n rí ogun Jálumi ní ọdún 1878, wọ́n sì mọ ohun tí a ń pè ní ajẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ó ṣí kúrò ní ibi tí ó ti wà, tí ó fi ògiri àti ojúbọ rẹ̀ sílẹ̀ fún igbó. Bẹ́ẹ̀ ni ìpọ́njú yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́ nìkan. Ní ọdún 2025 àwọn agbébọn kọlu àwọn ìlú kan ní Ìfẹ́lódùn, Òkè-Òde sì wà lára wọn; ẹ̀mí ṣòfò, àwọn ènìyàn sì fi ilé wọn sílẹ̀ sá. Nígbà tí ẹni tí ó sá bá padà dé, tí ó bá ilé ṣíṣófo, ìbéèrè kan ni yóò dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà: kí a wó o ni, kí a tún un kọ́ bí ó ti wà ni, tàbí kí a fi í ṣe ohun mìíràn?

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ìlú kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ yan iṣẹ́ tí ilé bẹ́ẹ̀ yóò máa ṣe, kí ó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí tí ó fi yàn án. Kí a kọ́kọ́ fẹnu kò lórí òṣùwọ̀n, kí a tó gbé ẹrù lé e. Ìlú tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ ìjà kejì, nítorí ìjà kejì lórí ilé tí ìjà kìn-ín-ní bàjẹ́ ni ó máa ń pa àdúgbò run.

Èkíní, ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, kí a mọ ohun tí ilé náà jẹ́: ta ni ó kọ́ ọ, ní ọdún wo, kí ni a fi kọ́ ọ, kí ni ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, èwo nínú ògiri rẹ̀ ni ó ṣì lágbára, èwo ni ikán ti jẹ, ta ni ó sì ni ilẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀. Ẹ wo àfin àwọn ọba Dàhọ̀mì ní Abomey, tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju hẹ́kítà 40 lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, nígbà tí ọmọ ogun Faransé tí Dodds jẹ́ olórí wọn ń súnmọ́ tòsí, Ọba Béhanzin ní kí a ti iná bọ àfin náà, ó sì jáde kúrò níbẹ̀. Àwọn Faransé kó ìtẹ́, ilẹ̀kùn àti ère lọ sí Paris. 26 nínú wọn ni ó padà sílé ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ara ògiri amọ̀ ilé àwọn ọba náà ni a mọ àwọn àwòrán sí, tí wọ́n ń ròyìn ogun tí Dàhọ̀mì jà, títí kan èyí tí wọ́n bá àwọn Nàgó, ìbátan wa, jà. Ẹni tí ó bá rí ògiri amọ̀ lásán níbẹ̀ yóò kùn ún ní ẹfun, ìwé ìtàn odidi ìjọba kan yóò sì parẹ́. Nítorí a mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, ìjọba Benin àti ilé-iṣẹ́ Getty ti Amẹ́ríkà lo ọdún mẹ́rin, láti 1993 sí 1997, láti fi tọ́jú àwọn àwòrán tí ó ti ara ilé Ọba Glele wá.

Èkejì, ta ni kí ó jókòó sí ìgbìmọ̀? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, bọ́ǹbù ba ilé ìjọsìn ńlá kan tí a fi sọ orí Ọba Wilhelm jẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1943. Lẹ́yìn ogun, ayàwòrán ilé kan tí ń jẹ́ Egon Eiermann gba iṣẹ́ láti kọ́ ilé ìjọsìn tuntun síbẹ̀, èrò rẹ̀ sì ni láti wó ilé-ìṣọ́ fífọ́ náà kúrò. Ọ̀mọ̀wé ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú figbe ta, wọ́n kọ̀wé sí ìwé ìròyìn, wọ́n ní àpá ogun náà ni àwọn fẹ́ kí ọmọ àwọn máa rí. Eiermann yí èrò padà. Ó kọ́ ilé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ àlàpà, a sì ṣí i ní oṣù kejìlá ọdún 1961. Lónìí àwọn méjèèjì dúró pọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú inú wo ọ̀kan láìsí èkejì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Beirut, ní ilẹ̀ Lẹ́bánónì. Ilé Barakat, tí a kọ́ ní ọdún 1924, bọ́ sí ojú ààlà ìjà nígbà ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1975 tí ó sì parí ní ọdún 1990. Àwọn ayìnbọn fara pamọ́ sínú yàrá rẹ̀, wọ́n sì ń ta ẹni tí ń kọjá ní ìbọn. Lẹ́yìn ogun, a fẹ́ wó o. Obìnrin kan tí ó jẹ́ ayàwòrán ilé, Mona Hallak, àti àwọn tí ó bá a dúró, ni wọ́n pariwo títí tí ìgbìmọ̀ ìlú fi gba ilé náà ní ọdún 2003 kí ó lè di ilé ìrántí. Ihò ọta ṣì wà lára ògiri rẹ̀ títí di òní. Kì í ṣe ẹni tí ó ní owó jù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tí ó ní ipò jù, ni ó rí ohun tí ilé náà jẹ́.

Nítorí náà, bí ìlú wa bá fẹ́ pinnu, kí ìjòyè wà níbẹ̀, kí ajogún ilé wà níbẹ̀, kí ìyálọ́jà àti àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, kí bíríkìlà àti káfíńtà wà níbẹ̀, nítorí àwọn ni ó mọ ohun tí ògiri lè gbé. Ní pàtàkì jùlọ, kí ìhà méjèèjì tí ó jà wà níbẹ̀. Ní Umuahia, ibi tí Rédíò Biafra ti sọ̀rọ̀ láti inú ihò abẹ́ ilẹ̀ ni a ṣí gẹ́gẹ́ bí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní ọdún 1985, ọdún 15 lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí. Ohun ìjà tí ọmọ Biafra fi ọwọ́ ara wọn rọ àti èyí tí ìjọba àpapọ̀ fi jà ni a kó sí ọgbà kan náà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ jà ní ìhà ìhín tàbí ìhà ọ̀hún lè wọ ibẹ̀, kí ó sì rí nǹkan tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a yọ ohun tí a kì í gbé sórí òṣùwọ̀n kúrò ná. Sàréè, ojúbọ, ibi tí a ti búra: ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun tí a ń fi owó tàbí ànfàní díwọ̀n. Ní Abomey, nígbà tí ìjọba Faransé sọ ilé Ọba Ghezo àti ti Glele di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1943, àwọn ọmọ ọba kò dẹ́kun ètùtù wọn nínú àfin; títí di òní, àlejò ń sanwó wọlé ní apá kan, a sì ń bọ àwọn baba ńlá ní apá kejì. Ẹ kò sì ní láti lọ sí Dàhọ̀mì kí ẹ tó rí i. Ẹ̀sìẹ́ wà nítòsí wa. Ère òkúta tí ó wà níbẹ̀ ju 800 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni orí rẹ̀ sì ti ya kúrò lọ́rùn. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti ń bọ wọ́n tipẹ́tipẹ́ kí Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, tó ròyìn wọn fún ayé ní ọdún 1933. Nígbà tí a sì kọ́ ilé sí wọn lórí ní ọdún 1945, tí ó di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, ọdún ère kò parẹ́. Ilé kan lè ṣe iṣẹ́ méjì, bí a bá ti sọ ọ́ ṣáájú ibi tí ìkínní parí sí àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí a wá wọn ohun tí ó kù. Àwọn onímọ̀ ní òkè òkun ní ọ̀nà púpọ̀ fún èyí, ṣùgbọ́n gbòǹgbò gbogbo wọn kò le. Ẹ jẹ́ kí a fi owó ẹyọ ṣe é, bí àwọn baba wa ìbá ti ṣe é. Ẹ fojú inú wo ilé kóòtù àtijọ́ kan, ní ìlú kan tí ìdílé méjì ti jà tí wọ́n sì ti ba ilé náà jẹ́. Kí ìgbìmọ̀ gba òṣùwọ̀n márùn-ún: ìrántí, èyí nì ni pé ṣé ilé náà yóò ṣì lè sọ ìtàn rẹ̀, àlàáfíà, pé ṣé ìdílé méjèèjì lè wọ ibẹ̀ láìtijú, ògiri, pé ṣé ilé lè gba iṣẹ́ náà láìfà á ya, ànfàní, pé ẹni mélòó ni yóò wúlò fún, àti owó, pé ṣé yóò lè bọ́ ara rẹ̀. Kí a kó owó ẹyọ 20 sílẹ̀, kí ìgbìmọ̀ sì pín in fún àwọn òṣùwọ̀n wọ̀nyí kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ iṣẹ́ kankan. Kí a sọ pé wọ́n fi 6 fún ìrántí, 5 fún àlàáfíà, 4 fún ògiri, 3 fún ànfàní, 2 fún owó.

Nígbà náà ni kí a tó mú àwọn iṣẹ́ wá, kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 5 lórí òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi owó ẹyọ òṣùwọ̀n náà sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ilé ìkàwé bá gba 3, 5, 4, 5 àti 3, àròpọ̀ rẹ̀ di 80 nínú 100. Bí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bá gba 5, 3, 4, 2 àti 1, ó di 69. Bí ìsọ̀ ọjà bá gba 1, 3, 2, 4 àti 5, ó di 51.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró níbẹ̀. Ọ̀dọ́ kan yóò dìde, yóò ní àwọn àgbà ka ìrántí sí jù, wọn kò sì ka owó sí. Kí a gbọ́ tirẹ̀. Kí a fi 6 fún owó, kí a fi 2 fún ìrántí, kí a tún un wọ̀n. Ìsọ̀ ọjà yóò gòkè dé 67, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé yóò wálẹ̀ sí 53, ilé ìkàwé yóò sì wà ní 80 síbẹ̀. Ẹ rí i pé ipò kejì ni àgbà àti ọ̀dọ́ ń jà sí. Lórí ipò kìn-ín-ní, wọ́n ti jọ gbà kí wọ́n tó mọ̀. Bí ipò kìn-ín-ní bá ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí a bá yí owó ẹyọ padà, èyí jẹ́ àmì pé ọ̀rọ̀ kò tíì pọ́n, kí ìgbìmọ̀ sì padà lọ sílé lọ rò ó.

Bí ìgbìmọ̀ kò bá lè pín owó ẹyọ náà láìjà, Thomas Saaty, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀nà mìíràn hàn láàárín ọdún 1970 sí 1980: kí a fi òṣùwọ̀n wé ara wọn ní méjì méjì. Márùn-ún yóò di ìfiwéra mẹ́wàá. Ta ni ó tóbi jù, ìrántí tàbí àlàáfíà? Àlàáfíà tàbí owó? Ọ̀nà yìí a máa fi àṣìsọ hàn pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó bá ní ìrántí ju àlàáfíà lọ, tí àlàáfíà sì ju owó lọ, kò lè tún sọ pé owó ju ìrántí lọ láìjẹ́ pé ó ń ta ko ara rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Iye kì í jọba. Àgbà ni í pinnu, iye kàn ń fi ohun tí a rò hàn wá ni, kí ẹnìkan má baà sọ lẹ́yìn ìpàdé pé wọ́n ti tà á kí òun tó dé. Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí fún ọmọ tí a kò tíì bí.

Ẹ̀karùn-ún, kí ìyípadà jẹ́ èyí tí a lè tú padà. Àwọn ará Australia kọ ìwé ìlànà kan ní ọdún 1979, tí a fi orúkọ ìlú Burra pè, tí ó ní kí a yí ilé àtijọ́ padà ní ìwọ̀n tí ó pọn dandan, kí a má ṣe kọjá bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ti Broad Street, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi bíríkì kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1885, ti wó tán fẹ́rẹ̀ẹ́, ibẹ̀ sì ti di ààtàn, kí a tó sọ ọ́ di Freedom Park ní ọdún 2010. Ayàwòrán ilé Theo Lawson kò pa ojú ibẹ̀ rẹ́. A ṣì lè mọ ibi tí yàrá àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà, nítorí orí ìlà rẹ̀ ni a to àwọn ìsọ̀ kéékèèké sí. Ibi tí a ti ń yẹgi fún ènìyàn ni pèpéle eré àti orin dúró sí. Ẹni tí ó bá ń jó níbẹ̀ lè béèrè orí ohun tí òun ń jó lé, yóò sì rí ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Ẹ̀kẹfà, kí a yan olùtọ́jú àti owó ìtọ́jú kí a tó ṣí ilẹ̀kùn. A kọ Abomey sínú ìwé àwọn ibi pàtàkì gbogbo ayé ní ọdún 1985. Ní ọdún kan náà ni UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé àwọn tí ó wà nínú ewu, nítorí ìjì ti bà á jẹ́ ní ọdún tí ó ṣáájú, a kò sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 2007. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, iná tún jó àwọn ilé kan nínú rẹ̀. Ilé àtijọ́ dàbí arúgbó. Ọjọ́ tí a bá ti gbójú kúrò lára rẹ̀ ni yóò ṣubú.

Òfin nìkan kò sì tó. Ilé Ìlójo ní Tinubu Square ní Èkó, tí àwọn Àgùdà kọ́ ní ọdún 1855, ni ìjọba ti kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Kì í ṣe ogun ni ó wó o. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ní àkókò àlàáfíà, a wó o lulẹ̀. Òfin wà, àmì ara ògiri wà. Ohun tí kò sí ni ìpinnu kan tí àwọn ajogún ilé àti àwọn olùṣọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jọ fọwọ́ sí, tí ó sọ ẹni tí yóò tún un ṣe, owó tí yóò fi ṣe é, àti èrè tí yóò kan ìdílé. Ajogún tí ilé rẹ̀ kò mú nǹkan wá fún, tí a sì ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹrù ni a dì lé e lórí.

Kábíyèsí, ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ fi ìmọ̀ràn mẹ́ta parí ọ̀rọ̀ mi. Èkíní, kí Ẹgbẹ́ yìí ṣe ìwé kan, kí a kọ gbogbo ilé àtijọ́ tí ó wà ní Òmù-Àrán àti àwọn ìlú àyíká sínú rẹ̀, pẹ̀lú ìtàn wọn láti ẹnu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, kí àwọn wọ̀nyí tó lọ. Èkejì, nígbà tí àwọn ará wa tí ó sá bá padà sí ilé wọn, kí àwọn ọba àti ìjòyè má ṣe jẹ́ kí a wó ilé àjùmọ̀ní kankan, ìbáà ṣe àfin, ìbáà ṣe ilé-ẹ̀kọ́, ìbáà ṣe ilé ìjọsìn, títí oṣù mẹ́ta yóò fi kọjá lẹ́yìn tí a ti pe ìpàdé gbangba lé e lórí. Ẹ̀kẹta, kí ìpàdé náà ka owó ẹyọ rẹ̀ ní gbangba, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀, ti ẹni tí ó gbà àti ti ẹni tí kò gbà.

Ọ̀tá lè jó òrùlé wa. Kò lè pinnu fún wa ohun tí a ó fi ògiri tí ó kù ṣe. Ìpinnu náà kù sí wa lọ́wọ́, bí a bá sì fi ìkánjú tàbí ojúsàájú ṣe é, àwa fúnra wa ni a bá ọ̀tá parí iṣẹ́ rẹ̀.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí ilẹ̀ wa tòrò.